Afẹ́fẹ́ Ìta Bàbá Boniface

Ẹjọ́ kan wọ ilé Olóyè Akínbọ̀wálé lánàá, l'Ọ̀wọ̀ níbí, tí àwọn ìjòyè ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Monica ló pe ẹjọ́. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á, torí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ń wúkọ́.

"Bàbá, Bàbá Boniface dá ògiri àárín wa lu. Ó ti páìpù bọ̀ ọ́, ẹnu páìpù sì yọ sórí bẹ́ẹ̀dì tí Theresa ọmọ mi àti ìkókó rẹ̀ ń sùn."

Sylvanus, Bàbá Boniface yìí, akọ̀wé káńsù tó ti fẹ̀yìn tì, dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. Látìgbà tí kẹrosíìnì ti di àwátì lọ́dún 1994 yìí, garawa ló sọ di sítóòfù, ìyẹ̀ igi láti sọ́míìlì ló ń kì sí i.

"Mo kà á nínú ìwé, Bàbá. Iná ń jẹ afẹ́fẹ́, tinú ilé mi ò sì tó o. Ìwé ní kí n fún un ní afẹ́fẹ́ ìta."

"Ìta wo?" Olóyè bi í.

"Ìta yàrá mi."

"Ìta yàrá yín ni inú yàrá mi," Monica dá a lóhùn.

"Ìwé ò sọ ìyẹn, Ìyá Theresa."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Monica ò rẹ́rìn-ín.

"Tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ti yí padà, Bàbá, èéfín ló ń tú síta lẹ́nu páìpù. Ọmọ náà ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tó ń fa tábà."

Sylvanus pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, Christopher káfíńtà.

"Ilé náà dí pinpin, Bàbá. Afẹ́fẹ́ kankan ò wọ ibẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo ń tún òrùlé rẹ̀ kàn. Láti òkè ni mo ti rí Bàbá Boniface tí wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n ní kí n wá jẹun, mo bá na ọwọ́ wọlé lójú ihò òrùlé."

"Ihò yẹn kéré," ni Sylvanus wí. "Ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni atẹ́gùn gbà wọlé gbé fìlà mi lọ."

"O ní afẹ́fẹ́ ò tó," ni Olóyè wí.

"Kò tó níbi sítóòfù, Bàbá. Ó pọ̀ jù níbi tí mo jókòó sí."

Olóyè wá dá ẹjọ́.

"Sylvanus, ilé rẹ ò ní inú. Ìta ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ tó ń gbé ìta lo tún ń wá afẹ́fẹ́ ìta lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ọlọ́mọ. Yọ páìpù yẹn lónìí, kí o sì fi sìmẹ́ńtì dí ojú rẹ̀. Ní ti ilé rẹ, mo ti sọ ọ́ di ìta. Ẹni tó bá wù kó gba ibẹ̀ kọjá. Ewúrẹ́ tó bá sùn síbẹ̀, má lé e. Ọjọ́ tó o bá dí ihò tó kẹ́yìn ni yóò tó padà di ilé."

Ní ọ̀sán, Monica gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ dání, ó gba pálọ̀ Sylvanus lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Páìpù wà nílẹ̀. Sylvanus wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń po sìmẹ́ńtì.

"Ẹ kú ìta o, Bàbá Boniface."

Ó bu sìmẹ́ńtì sójú ihò ògiri. Ọmọ náà sùn fọnfọn, kò wúkọ́.