Ohùn Tí Aránṣọ Ní Wọ́n Jí

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá tí gbogbo ìgbìmọ̀ ń wojú ara wọn, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa ti gbé e. Olè tó wọlé onílé kọ́, ìjà kọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ́. Aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé ló wọlé, tó kúnlẹ̀, tó ní òṣèré kan jí ohùn òun, ó sì bà á jẹ́ kó tó gbé e jáde.

"Ohùn?" Kábíyèsí bi í. "Kí wá lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?"

"Èyí tó ṣẹ́kù ni, Kábíyèsí."

Ọkùnrin tó pè lẹ́jọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àdákẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́ òṣèré, òkú ló ń ṣe. Bí kò bá ṣe òkú, á ṣe ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí òpó. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lọ́rọ̀ sọ: onílé kan, ará ìlú ńlá, tó ń lé ayálégbé jáde. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú ńlá yẹn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn a máa sáré lé ara wọn, wọ́n á sì wá fa ìdí ẹ̀ gùn bí ẹni ń fa okùn kànga.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí Aránṣọ sí, ọkọ ló gbé e wá síbí. Nínú gbogbo ẹrù tó gbé wá nígbà náà, ohùn yẹn nìkan ló gbà pé ó kù lọ́wọ́ òun, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Kò sí oníbàárà tí kì í sọ fún pé, "Ẹ má jẹ́ kí ohùn mi yà yín lẹ́nu o, ará ìlú ńlá ni mí."

"Kábíyèsí, ọmọ yìí gbé ṣòkòtò wá pé kí n ṣẹ́ etí ẹ̀. Mo ṣẹ́ ẹ. Ilẹ̀ mọ́, ó tún gbé e dé, etí ti tú. Mo tún ṣẹ́ ẹ. Ó tún gbé e dé! Mo ní bóyá òwú mi ni ò dáa. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀, Kábíyèsí! Àṣé ó ń tú u nílé ni, kó lè ráyè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi kó máa wo ẹnu mi."

"Ṣé lóòótọ́ lo ń tú u?" Ọ̀tún bi Àdákẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo ní."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò rín.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n fi eré náà dánra wò ní gbọ̀ngàn, mo bá èrò lọ. Ó jáde. Ó fún ẹnu pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọsàn wẹ́wẹ́ mu, ó ń ti igun ẹnu kan sọ̀rọ̀. Tó bá sọ díẹ̀, á na ọwọ́ sí ètè, á yọ nǹkan tí ò sí níbẹ̀, á tún máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Wọ́n ń yíjú wò mí! Láti ọjọ́ náà, oníbàárà ò lè kí mi láìfọwọ́ kan ètè. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílùú bàbá mi nìyẹn? Ẹ bá mi gba ipa yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kó padà sídìí òkú tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Àdákẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ẹ ṣe mí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ má dá mi padà sídìí òkú. Ìyá mi ti dàgbà, wọn ò gbọ́ ohùn mi lórí ìtàgé rí. Tí wọ́n bá wá wòran, wọ́n á máa béèrè pé, 'Èwo ni tèmi nínú àwọn tó sùn yẹn?' N ò fi Ìyá Aránṣọ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe mú un. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n fọwọ́ kan ètè. Wọ́n tún sọ̀rọ̀, wọ́n tún fọwọ́ kan ètè. Mo ní, háà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú ńlá rèé."

"Pínnì ló wà lẹ́nu mi, aláìnírònú! Pínnì! Ibo lo fẹ́ kí n kó o sí nígbà tí mo bá ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò ẹ?"

"Pínnì kẹ̀?" Àdákẹ́ wí jẹ́ẹ́, ó sì dojú bolẹ̀.

Wọ́n pe ọkọ Aránṣọ kó wá jẹ́rìí ìyàwó ẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ó máa ń kó pínnì sẹ́nu?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Mo rí i tó ń fún ẹnu pọ̀, mo rò pé ó ń bá mi bínú ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti ra ẹ̀rọ."

"O ò sì bi í?"

"Ẹni tó ń bínú, Kábíyèsí, ta ló ń bi í? Mo kàn máa ń bẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀gá òṣèré náà dìde, ó ní ti Àdákẹ́ lòun wá sọ. "Ohùn ọmọ yìí ò lẹ́gbẹ́. Ti ìlú ńlá gidi ni. Èmi fúnra mi ti débẹ̀ rí."

"O pẹ́ níbẹ̀?"

"Mo sùn mọ́jú."

"Ta lo bá sọ̀rọ̀?"

"Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, Kábíyèsí. N ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀."

Kábíyèsí fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. Ó rí i pé ìgbìmọ̀ ń wo òun, ló bá yára sọ ọ́ di irùngbọ̀n fífọwọ́ pa. "Aránṣọ, pínnì ò sí lẹ́nu ẹ báyìí. Sọ ti ìlú yín ká gbọ́ ojúlówó."

Aránṣọ dìde, ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí ló ti ń retí kí ẹnì kan béèrè èyí lọ́wọ́ òun. Ó la ẹnu. "Ẹ káàárọ̀ o, ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi, mo fẹ́ kọjá."

Gbogbo ìgbìmọ̀ ṣì na ọrùn síwájú.

"À ń dúró dè ọ́ o," Ọ̀tún wí.

"Mo ti sọ ọ́!"

"Èyí yẹn? Bí ìyàwó mi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yìnkùlé ààfin yìí ni wọ́n sì bí i sí."

Aránṣọ tún un sọ. Ó fà á, ó lọ́ ọ, ohùn ìlú yìí náà ló ń jáde. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó wá kí i láti ìlú ńlá. Àbúrò náà jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì lẹ́sẹ̀, ọkọ̀ ọ̀sán ló fẹ́ bá padà.

"Jẹ́rìí mi. Ṣé kì í ṣe bí ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Àbúrò rọra sọ ọ́. "Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ibí. A ò kàn fẹ́ sọ fún yín ni."

Aránṣọ rọra jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ètè, kò rí nǹkan kan yọ níbẹ̀. Ohun tó ń pariwo pé wọ́n jí, kò sí nílé mọ́ nígbà tí olè dé.

"Ẹ má bínú, ìyá mi," Àdákẹ́ wí. "Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni ǹ bá ti lọ jí i."

Kábíyèsí wúkọ́ díẹ̀. "Ẹjọ́ rèé. Àdákẹ́ ò jí ohùn, pínnì ló jí, a kì í tìtorí pínnì sọ alààyè di òkú. Aránṣọ ò jẹ̀bi, ohun tó sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ ti jẹ ẹ́ níyà tó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàfin yìí tí ohùn náà wà lọ́wọ́ ẹ̀ lódindi, tó dì í mọ́ra, tó fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ ọ̀sán sá lọ." Ó na ìka sí àbúrò. "Òun ló jẹ̀bi. Kò ní kúrò nílùú yìí títí àwọn méjèèjì á fi mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ gba báàgì yẹn."

"Èmi kẹ̀? Kábíyèsí, ẹlẹ́rìí ni mí o!"

"O jẹ́ ẹlẹ́rìí tẹ́lẹ̀."

Obìnrin náà fò dìde, ó gbàgbé ìtìjú. "Irú ìlú wo rèéééé! Mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi ẹ fẹ́ sọ mí di olùkọ́ọ́ọ́! Ta ló máa tọ́jú ọkọ mi níléééé!"

Ọ̀tún fẹ́ lọ pa á lẹ́nu mọ́. Kábíyèsí fà á láṣọ jókòó, ó ní kó máa wòran.

Aránṣọ ti dìde. Òun àti Àdákẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ètè wọn ń mì, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń bọ́.

"Nílé," Àdákẹ́ wí.

"Ó kù," Aránṣọ dá a lóhùn, omi lójú rẹ̀. "Fà á. Níléééé."