Lẹ́tà Olójú-Ewé Mẹ́sàn-án Tí Kò Ní Ìpínrọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fa àga yín mọ́ra. Ẹni tó bá wà lórí ìdúró, kó wá ibi fìdí lé. Ọjọ́ kan wà láyé mi tí mo ti gbìyànjú títí kí n gbàgbé, kò gbà. Bí mo bá ti rò pé ó ti lọ, á tún yọjú bí àlejò tó gbàgbé fìlà rẹ̀. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ló pọ̀ jù.

Lásìkò yẹn, Ọ̀tà ń yí padà lójú wa. Ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìgbẹ́sà, èyí tí kò bá di ilé ìsìn á di ilé iṣẹ́, èyí tó bá kù á di yunifásítì. Ìjọ kan wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé mélòó kan, tiwa wà nínú wọn, wọ́n sì kọ́ yunifásítì síbẹ̀. Ká má purọ́, wọ́n ṣe dáadáa sí wa. Wọ́n ní àwọn ó mú ọmọ márùn-ún láàárín àwa onílẹ̀, àwọn òbí wọn ò ní san kọ́bọ̀ títí àwọn ọmọ náà á fi jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ ò ju pé kí olórí ìdílé kọ lẹ́tà, kó fi ọmọ rẹ̀ hàn wọ́n, kó sì sọ ìdí tí ọmọ náà fi yẹ. Yorùbá ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, èyí tó bá rọ̀ wá lọ́rùn.

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni ọmọ tiwa. Àbúrò mi ọkùnrin ló bí i, àbúrò mi sì ti kú, ọwọ́ mi ni Mọ́rẹ̀ dàgbà sí. Ó ti yege nínú gbogbo ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sílé fún ọdún kan gbáko nítorí pé agbára mi ò ká ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lẹ́tà yìí nìkan ni ọ̀nà tó kù fún un. Ẹ sì wò ó, èmi tí mo fẹ́ kọ ọ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ àna tó ń bínú, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délẹ̀, èmi ni mo máa ń rò ó. Ta ló tún kù?

Mọ́rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tò ó. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé ọ̀rọ̀ kan, ìpínrọ̀ kan. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ ní ìpínrọ̀ kejì. Ẹ dúpẹ́ ní ẹ̀kẹta. Ó parí."

"Kí n sọ ohun tí mo fẹ́ láti ẹnu ọ̀nà? Ṣé olè ni mí ni? Nílé wa níbí, àlejò kì í jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an kó tó mu omi. A ó kí wọn. A ó béèrè ilé lọ́wọ́ wọn. A ó sọ ẹni tí a jẹ́. Bó bá yá, iṣẹ́ á jẹ́ ara rẹ̀."

"Bàbá, àwọn tó máa kà á ò ní mu omi o," ló wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ọmọ àná fẹ́ máa kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ! Ìgbéraga ò ní òórùn ni. Ká ní ó ní, gbogbo àdúgbò ì bá ti kó kúrò lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo kí wọn kú iṣẹ́ Olúwa, mo kí wọn kú ìdúró, kú ilé kíkọ́, kú ooru. Mo ròyìn bí àwọn baba wa ṣe tẹ ibẹ̀ dó. Mo sọ bí wọ́n ṣe bí mi, bí ìwé ṣe wù mí láti kékeré, bí bàbá mi ṣe yọ mí kúrò nílé ìwé tó mú mi lọ sóko, àti bí mo ṣe sunkún. Ẹkún yẹn nìkan gba ojú ewé kan àbọ̀. Ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀, inú mi sì ń dùn, mi ò rí ibi tí mo lè já a sí.

Mo gbé e lọ sí Sàngó, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà bá èèyàn tẹ̀wé. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó dúró.

"Bàbá, níbo ni kí n ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Kí o sọ̀ kalẹ̀ lọ síbo?"

"Kí n bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá parí sí."

"Kò tíì parí. Ó ń bọ̀."

"Àbẹ́ẹ̀gì, Bàbá! Ojú ewé kẹfà rèé. Ẹ ò mí. Èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́ gan-an ò rí àyè mí!"

Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé ọ̀rọ̀ àgbà kì í dúró gba atẹ́gùn. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ojú ewé mẹ́sàn-án ló jẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí àkàrà inú epo tí kò gbóná. Bí mo ṣe gbé e dé yunifásítì, akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà gbé e sókè sódò, ó wò mí.

"Bàbá, àwọn yòókù mú ojú ewé kan ṣoṣo wá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ ọmọ yẹn sókè níbí."

"Orúkọ wà nínú rẹ̀," mo dá a lóhùn. "Ẹni tó bá ní sùúrù á bá a níbẹ̀."

Ẹ ò rí i pé mo fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Mọ́rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ wò ó. Ìgbà tó dé, kò sáré wọlé bí mo ṣe rò.

"Orúkọ wà níbẹ̀, Bàbá."

"Mo wí bẹ́ẹ̀! Kí ni mo sọ?"

"Orúkọ yín ni. Kì í ṣe tèmi."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi tó ń lọ ata lẹ́yìn ilé ti gbọ́. "Bàbá Tóyìn, ẹ kú oríire o! Ṣé ìrẹsì ni kí n máa dì fún yín ni àbí dòdò?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti yí àdúgbò po. Ní ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ wa pè mí síwájú ìjọ, ó ní kí gbogbo ènìyàn na ọwọ́ sí bàbá tó fẹ́ lọ kàwé ní ọjọ́ ogbó. Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin. Mo dúró, mo ń ṣe àmín.

Wọ́n pe àwa márùn-ún tí wọ́n mú fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọjọ́ náà ni mo ní kí n lọ tún un ṣe. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ mẹ́rin tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn. Wọ́n pè mí wọlé. Obìnrin kan tó wọ awò ojú, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń bi wá léèrè, dìde fún mi.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Bí wọ́n ṣe yọ yín nílé ìwé yẹn, ó dùn wá gan-an. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin ló yẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kì í ṣe èmi. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ni."

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin yẹn ṣí lẹ́tà mi, ó ń fi ìka wá a láti òkè délẹ̀, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, kò rí ibi tí ojú rẹ̀ lè dúró sí. Ó pẹ́ kó tó kà á síta: "'Ejò náà bù mí ṣán lẹ́sẹ̀ òsì, Mọ́rẹ̀nikẹ́ ló sáré gbé omi gbóná wá, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ni, òun la sì ń tọrọ àyè fún, ìgbà tí a padà débẹ̀ a ò bá ejò náà mọ́…'" Ó yọ awò ojú rẹ̀. "A rí orúkọ yẹn, Bàbá. A rò pé ọmọ tó gbé omi wá ni."

Mo ní kí wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò tèmi. Ó ní ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ ti kọjá. Bí mi ò bá lè gba àyè náà, ẹni tó wà ní ipò kẹfà ló kàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Ó gbé mi dìde, ojú òun náà ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Mo bá Mọ́rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀: mo sọ bí ọ̀nà ṣe rí, bí àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn ṣe kí mi, irú àga tí wọ́n gbé fún mi. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ kọ́kọ́ sọ èyí tó kẹ́yìn."

"Wọn ò mú ọ."

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo pín láyé mi nìyẹn. Ó yé e kíá.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé lẹ́tà dàbí oko. Ebè gbọ́dọ̀ jìnnà sí ebè, kí poro wà tí ẹni tó ń bọ̀ lè fi ẹsẹ̀ sí. Bí ẹ bá kọ ebè pọ̀ mọ́ra, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí iṣu wà, ẹlòmíràn ò lè dé ibẹ̀. Bí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́nu, mo lè wo ojú yín, kí n mọ̀ bóyá ó ti sú yín. Ìwé ò ní ojú tí mo lè wò.

Ohun tí kálukú jogún nínú rẹ̀ rèé. Ṣọlá, ọmọ ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, onílẹ̀ bíi tiwa, ló wà ní ipò kẹfà, òun ló jogún àyè yẹn. Bàbá rẹ̀ ò ka ìwé kọjá ìwé mẹ́fà, ìdajì ojú ewé ló kọ, ìpínrọ̀ mẹ́ta. Mọ́rẹ̀ jogún ọdún mẹ́ta lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike ní ìlú Agbára, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ń gbé e ní ìdájí, ẹsẹ̀ wíwú ló ń gbé bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló padà rán ara rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Èmi jogún orúkọ. Jàmbáìtì, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ni gbogbo àdúgbò ń pè mí títí dòní. "Jàmbáìtì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Mo máa ń dá wọn lóhùn, mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Mọ́rẹ̀ nìkan ni kì í pè mí bẹ́ẹ̀.