Ẹrù Òpéléńgé ní Ẹnu Géètì

Ọ̀gbẹ́ni Adébùsóyè, alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan lẹ́yìn Alágbàká ní Àkúrẹ́, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ iṣẹ́ ìjọba kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan ó dúró gbagidi sẹ́nu géètì àdúgbò, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti Oǹdó bọ̀ sì dúró níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn.

"Padà sẹ́yìn," ni Alága wí.

Jethro tó wa ọkọ̀ náà yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìdúró."

"Ṣé o rí pátákó yẹn?"

"Mo rí i, sà. Ó rẹwà. Ta ló bá yín kùn ún?"

"Mi ò ní kó o yìn ín. Kà á."

Jethro kà á sókè. "Ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọ́dọ̀ kọjá ibí." Ó ronú díẹ̀. "Bàbá, ẹrù inú tèmi ò pọ̀."

"Ṣé pátákó ní tó bá pọ̀?"

"Rárá, sà."

"Bó o bá gbé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sẹ́yìn ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Bí o ò gbé nǹkan kan, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Bó bá ń sùn nínú ọgbà mẹkáníìkì, ọkọ̀ akẹ́rù náà ni."

"Ẹ má bínú, sà. Kí ni ọkọ̀ akẹ́rù fi ṣe yín?"

"Tíípà kan ló gba ibí kọjá. Ó fọ́ páìpù omi, ó wó etí gọ́tà, ó tún já wáyà iná. Àwa àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi kànga. Ìgbà yẹn la ṣòfin. Èmi ni mo kọ ọ́."

Inú Alága máa ń dùn bó bá dé ibi yìí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó tún wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Ṣé mo lè já ẹrù síbí, kí n wá alábàárù tó máa bá mi rù ú wọlé?"

"Ẹ̀ka kejì òfin wa nìyẹn. Alábàárù kò gbọ́dọ̀ wọlé, àárín wọn lolè ń gbà wọ àdúgbò. Ẹni tó bá ni ẹrù ni yóò wá fi orí ara rẹ̀ rù ú."

"Tónítọ̀hún bá jẹ́ arúgbó ńkọ́?"

"Kó yéé ra ẹrù."

"Tó bá jẹ́ ẹni ńlá ńkọ́?"

Alága gbóhùn sókè, torí Nọ́ọ̀sì Motúnráyọ̀ jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Obìnrin náà ló fi orí ara rẹ̀ ru àga tuntun rẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì yí dáadáa.

"Òfin wa kò mọ ẹni ńlá. Ì báà jẹ́ ẹrù kábíyèsí, ì báà jẹ́ tèmi alára."

Jethro mí kanlẹ̀. "Ó dáa, sà. Mo ti gbà. Ẹ ṣáà bá mi pe onítọ̀hún kó wá ru ẹrù ẹ̀."

"Ta ni?"

"Òpéléńgé."

Alága sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn ní Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ tó bí gan-an kò gbọ́ ọ rí.

"Òpéléńgé wo?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé kò lórúkọ gidi ni?"

"Ó ní, àmọ́ ìyá tó rán mi ò lè pè é. Àbúrò ọkọ wọn ni. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú àwọn wọlé ọkọ, ọmọ kékeré kan ló gbé àtùpà síwájú àwọn. Ó tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Làwọn bá sọ ọ́ ní Òpéléńgé."

"O ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀?"

"Mo bẹ̀ wọ́n, sà. Mo ní, 'Ìyá Fọlákẹ́mi, àwọn ará Àkúrẹ́ ò ní mọ Òpéléńgé.' Wọ́n ní àwọn ò ní torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ìyàwó tí ò lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ ogbó."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Alága ni Ìyá Fọlákẹ́mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n náà, Alága kò tíì tẹsẹ̀ bọ Oǹdó. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa ń sọ pé òun ó lọ, oṣù tó ń bọ̀ kì í sì í tán nílẹ̀. Ojú tì í gan-an.

"Kí lo tiẹ̀ kó wá?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kókò, epo, àti òbúkọ kan. Wọ́n ní ìkórè àkọ́kọ́ nìyí nínú oko ọkọ àwọn látìgbà tó ti lọ. Ẹnu Òpéléńgé ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn án."

Alága fojú wá Nọ́ọ̀sì Motúnráyọ̀. Nọ́ọ̀sì ti gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé o rí i," ni Alága rọra wí, "ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúkú ṣe ẹrù. Oúnjẹ ni."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní abẹ́rẹ́ di ẹrù."

"Èèyàn kì í jẹ abẹ́rẹ́."

"Pátákó ò mẹ́nu ba jíjẹ, sà."

"Òbúkọ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá gbé ohun ẹlẹ́mìí, ọkọ̀ èrò ni."

Jethro bojú wẹ̀yìn wo òbúkọ náà. "Kò sanwó, sà."

"Ṣé èmi kọ́ ni alága ni? Mo fún ọ láṣẹ. Wọlé."

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ti là mí lóye. Èmi kọ́ ni wọ́n máa ní ó ba òfin àgbàlagbà jẹ́. Àǹtí ọ̀hún sì ń wò wá."

"Má wo ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, sà."

"Ọrùn ló ń dùn ún."

Jethro fa fóònù yọ. "Ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú nọ́ńbà Òpéléńgé. Látàárọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti jẹ́ kó lọ."

Ó tẹ̀ ẹ́. Orin ìyìn bú jáde nínú àpò ṣòkòtò Alága.

"Bàbá, fóònù yín ń dún."

"Bánkì ni. Wọn kì í sinmi ní Sátidé."

Orin náà dákẹ́. "Òun náà ò gbé e," ni Jethro wí, ló bá tún pè. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Alága fi ọwọ́ méjèèjì bo àpò rẹ̀.

"Bánkì yín yìí mà burú o, sà. Wọn ò jẹ́ kí n gbọ́ bóyá tèmi ń dún lọ́hùn-ún."

Nígbà tó sú Jethro, ó fi fóònù sápò. "Ó ti tán, sà. Ẹ bá mi yà díẹ̀ kí n lè yí ọkọ̀ padà. Ìyá ní bí mi ò bá rí i, kí n má da ara mi láàmú, kí n kàn kó ẹrù bọ̀. Wọ́n ní á jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ àwọn kú, Òpéléńgé ti bá a lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Alága wọnú egungun. Bí ọkọ̀ yìí bá fi lè padà, ìyàwó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọṣọ fún un nígbà tó wà ní sùkúùlù ni yóò tú ẹrù náà sílẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà.

"Èmi ni Òpéléńgé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ẹ́ńjìnnì bo ohùn rẹ̀. "Ẹ ní kí ni, sà?"

"Mo ní èmi ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá. Sàléńsà ọkọ̀ yìí ti jó."

"Èmi ni Òpéléńgé!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́. Fèrèsé ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Ọrùn Nọ́ọ̀sì Motúnráyọ̀ tí kò yí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá yí wẹ́rẹ́.

Jethro pa ẹ́ńjìnnì.

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, sà, ẹ jẹ́ kí n kúkú wa ọkọ̀ wọlé."

"Rárá." Alága ṣí fìlà, ó ká a, ó fi ṣe òṣùká. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Já a kalẹ̀ kí o gbé e rù mí. Kí o sì sọ fún ìyàwó mi pé mò ń bọ̀ l'Oǹdó lọ́la, lẹ́yìn ìsìn."

Jethro gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e lórí. Ó wá sún sẹ́yìn, ó yẹ Alága wò fínnífínní, láti òṣùká dé àgbọ̀n méjèèjì, títí dé ikùn tó ti ṣáájú olúwa rẹ̀ kọjá géètì. Ló bá tún fa fóònù yọ.

"Ta lo tún fẹ́ pè?" ni Alága bi í lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ìyá Fọlákẹ́mi ni, sà. Wọ́n ní bí mo bá ti rí Òpéléńgé, kí n wò ó dáadáa bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ bi wọ́n bóyá kí n ṣì já òbúkọ sílẹ̀."