Igi Tó Pàásì

Bí Suara bá ra abẹ́rẹ́ tuntun, gbogbo Agége ló máa mọ̀ pé ó ní ihò. Èèyàn dáadáa ni o. Ọdún kẹrin rèé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì Àlàájà Fàúsát. Èmi ń po ìyẹ̀fun, òun ń dáná ààrò. Fáàrí nìkan ló ń dà á láàmú.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, Àlàájà fẹ́ ṣe fìdáù màmá wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀ọ́dúnrún búrẹ́dì la máa pín lẹ́yìn ìrun. Wọ́n ní bí búrẹ́dì náà bá dára, àwọn máa fi Suara ṣe ọ̀gá ààrò. Háà! Kò tíì gba ipò, ó ti ń dáhùn sí "Ọ̀gá".

Ní Ọjọ́rú, ó ti Computer Village dé, ó gbé nǹkan kan kọ́ ọrùn. Kò ju fóònù kékeré lọ, eyín ṣóńṣó méjì ló yọ lórí.

"Kí lèyí?" mo bi í.

"Mítà ni. Tí mo bá ti gún un mọ́ igi, á sọ iye omi tó wà nínú ẹ̀. Sáyẹ́ǹsì, Wàsíù!"

Lọ́jọ́ kejì, a lọ ra igi lọ́dọ̀ Ìyá Simbiat. Màmá Ìjẹ̀bú yìí ti ń ta igi lẹ́bàá rélùwéè kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì. Wọ́n mú igi méjì, wọ́n fi ọ̀kan gbá èkejì: kó!

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dún? Ó ti gbẹ nìyẹn."

Suara rẹ́rìn-ín débi pé mítà ń fì lọ́rùn rẹ̀. "Ìyá, wáàsí là ń fetí gbọ́, kì í ṣe igi. Ẹ wo ẹ̀rọ!" Ó gún igi. "Méjìlá! Méjìlá péré nínú ọgọ́rùn-ún! Ìyá, igi yín féèlì!"

Ó gún òmíràn. "Mẹ́rìnlá. Ẹ kó àwọn olódo yìí kúrò níwájú mi!"

Ó bá kọjá sí òkìtì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. "Mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ẹ rí i? Ó pàásì! Kírẹ́díìtì gan-an ni!"

"Ewé tútù ṣì wà lára ẹ̀ o," Ìyá Simbiat wí.

"Igi tó láàyè nìyẹn, Ìyá. Ẹ̀rọ ò lè purọ́."

Kí èmi náà má purọ́, mo pàtẹ́wọ́. Níléèwé tí mo lọ, n kò gba mọ́kànlélọ́gọ́ta rí.

Láàárọ̀ Jímọ̀, a kó igi tó pàásì sínú ààrò. Suara ṣáná sí i. Igi ń hó lẹ́nu, omi ń kán, iná kọ̀. Ó da kẹrosíìnì sí i, èéfín ló dáhùn. Èéfín yẹn kún ilé, ó kún àdúgbò, wọ́n ní àwọn olówó Ìkẹjà GRA pàápàá ń ti fèrèsé.

Àlàájà sáré wọlé, omi ń dà lójú wọn wàràwàrà. Àwọn àlejò fìdáù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wọ́n.

"Ẹ má sunkún mọ́, Àlàájà. Ọlọ́run á forí jin Màmá."

"Màmá kọ́!" Àlàájà wúkọ́. "Suara ni!"

Aago mọ́kànlá lù. A fa búrẹ́dì kan yọ, ó funfun báláú. Mo fọ̀bẹ gé e, ìyẹ̀fun tútù lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Suara jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí. N kò rí irú ẹ̀ rí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ibẹ̀ la wà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fi dúró. Ìyá Simbiat tó ti rí èéfín wa ló sọ̀ kalẹ̀, àwọn pẹ̀lú igi tó féèlì.

"Suara, kí lo ní mítà yẹn ń kà?"

"Omi inú igi ni, Ìyá."

"Ẹn-ẹ́n. Èyí tó gba máàkì jù ló lómi jù. Àbí omi lo fẹ́ fi dáná?"

Suara wo mítà. Ó wò mí. Mo wo òkè.

Igi tó féèlì gbaná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kírun Jímọ̀ tán ni búrẹ́dì tó kẹ́yìn jáde, ó pupa dáadáa. Ọkàn Àlàájà balẹ̀, ni Suara bá tún na ọrùn.

"Àlàájà, ẹ ti rí i pé búrẹ́dì dára. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ààrò yẹn ńkọ́?"

Àlàájà yíjú sí Ìyá Simbiat. "Ìyá, kí lẹ rí sí i?"

Ìyá Simbiat sún mọ́ Suara. Wọ́n ká ìka, wọ́n fi gbá Suara lórí: kó! Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀.

"Ó ti gbẹ," wọ́n ní. "Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."