Ràsáàkì, Baba Òdo

Ní àkókò kan tí ẹnikẹ́ni kò lè nàka sí mọ́, nígbà tí fóònù ti wọ gbogbo ilé ṣùgbọ́n tí iná tí a ó fi ṣáàjì rẹ̀ ṣì ń rò ó bóyá òun yóò wá, ahunṣọ kan wà ní Ìsẹ́yìn tí ń jẹ́ Ràsáàkì. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí òfì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: oyè olórí àwọn ahunṣọ àdúgbò. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọn yóò yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ládòkun nìkan ló ń bá a du oyè náà. Òfì àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, wọ́n sì ń ṣá ara wọn lẹ́nu lójoojúmọ́ bí ẹtù méjì tí a kó sínú àgò kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mujeebat, ọmọbìnrin Ràsáàkì tó wà ní kíláàsì kẹta, ti ilé-ìwé dé, ó yà sídìí òfì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Oo, Àṣàkẹ́ mi. Kí lẹ kọ́ lónìí?"

"Ìṣirò ni. Tíṣà Florence to àga mẹ́ta sábẹ́ igi máńgòrò bí wọ́n ti máa ń ṣe láràárọ̀: àga ọgọ́rùn-ún, àga ẹ̀wá, àga ẹyọ. Wọ́n á fi páálí nọ́ńbà kọ́ wa lọ́rùn, a ó jókòó, kíláàsì á sì ka iye tí a jẹ́."

"Ó dára bẹ́ẹ̀! Kí wá ni ìwọ?"

"Òdo ni mí."

Ọwọ́ Ràsáàkì dúró.

"Lánàá ńkọ́?"

"Òdo náà ni. Èmi ni mo máa ń mú un. Páálí rẹ̀ rí roboto, ó wù mí."

"Ta ló wá ń jókòó sórí àga ọgọ́rùn-ún?"

"Ọlágòkè ni, ọmọ Bàbá Ládòkun tí wọ́n jókòó yìí."

Fán-án! Òwú já.

Ládòkun ti bú sẹ́rìn-ín: kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sínú àwo ẹ̀kọ.

"Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará! Ọmọ tèmi gun àga ọgọ́rùn-ún, ọmọ tirẹ̀ ń jẹ òdo! Ràsáàkì, ta ni yóò fi baba òdo jẹ olórí lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọlọ́kadà tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ pàápàá ti ń kí i:

"Baba Òdo, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ràsáàkì gbé agbádá sányán wọ̀, èyí tí ó ti hun pamọ́ de ọjọ́ oyè. Ó gun ọ̀kadà, ó di ilé-ìwé. Atẹ́gùn kó sínú agbádá, fùùù! Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko fi yà sínú igbó, wọ́n rò pé tírélà ló ń bọ̀. Ládòkun àti àwọn ahunṣọ yòókù sáré tẹ̀lé e. Ta ni yóò jókòó sídìí òfì nígbà tí irú ìran bẹ́ẹ̀ ń lọ?

Wọ́n bá àwọn ọmọ lábẹ́ igi. Ọlágòkè gbé ẹẹ́rin kọ́rùn lórí àga ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kan tí ń jẹ́ Beauty gbé oókan kọ́rùn lórí àga ẹ̀wá. Mujeebat sì jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga ẹyọ pẹ̀lú òdo rẹ̀.

"Èló ni?" ni Tíṣà Florence bi kíláàsì.

"Irinwó lé mẹ́wàá!"

"Ẹ dá a dúró!" Ràsáàkì bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. "Tíṣà, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ìdílé wa kì í jókòó nísàlẹ̀. Ẹ gbé ọmọ mi sórí àga ọgọ́rùn-ún!"

"Bàbá Mujeebat, ẹ ṣe sùúrù. Bí òdo bá débẹ̀..."

"Ẹ gbé e débẹ̀!"

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó ní kí Mujeebat àti Ọlágòkè pààrọ̀ àga. Ràsáàkì ká apá agbádá léjìká, ó wo Ládòkun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Èló ni báyìí?"

"Mẹ́rìnlá!"

Gbì! Bí ẹni ju irinwó sínú kànga.

"Mẹ́rìnlá kẹ̀? Níbo ni ìyókù gbà?"

"Bàbá, òdo tó bá ṣíwájú kò ní ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀," ni Tíṣà dáhùn.

"Irọ́ ni! Ọmọ yìí ló fúyẹ́ jù fún àga náà."

Ó bọ́ páálí òdo lọ́rùn ọmọ, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó sì fi gbogbo ara àti gbogbo agbádá jókòó sórí àga ọgọ́rùn-ún. Àga ọmọdé náà ké: ín-ín-ín!

"Ó yá, ẹ kà á!"

"Mẹ́rìnlá!"

Ládòkun ti wà nílẹ̀, ó ń yí gbiri nínú eruku. "Àti baba àtọmọ! Òdo ni wọ́n, àti baba àtọmọ!"

Mujeebat fa etí agbádá baba rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní páálí mi. Ẹ jẹ́ kí n padà sáyè mi, kí ẹ wá máa wò ó."

Kálukú padà sí àga rẹ̀.

"Irinwó lé mẹ́wàá!"

Mujeebat dìde, ó gbé àga àti páálí rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá.

"Mọ́kànlélógójì!"

Ó gbé e padà, ó jókòó.

"Irinwó lé mẹ́wàá!"

Ojú Ràsáàkì là bí iná mọ́tò.

"Ẹ dúró ná, Tíṣà. Ọmọ mi jókòó, ọmọ Ládòkun di irinwó. Ọmọ mi dìde, ọmọ Ládòkun já sí ogójì?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Bàbá."

"Mujeebat, dìde!"

"Mọ́kànlélógójì!"

"Jókòó!"

"Irinwó lé mẹ́wàá!"

"Dìde!"

Òógùn bo Ládòkun. Ó fò dìde nínú eruku, ó di agbádá Ràsáàkì mú gírígírí.

"Ràsáàkì, nítorí Ọlọ́run, jẹ́ kí ọmọ náà jókòó! Má fi tèmi wọ́lẹ̀ lójú ayé!"

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, wọ́n kírun tán, àwọn ahunṣọ péjọ. Olúkúlùkù ń retí kí Ràsáàkì du àga iwájú. Ó kọjá lára rẹ̀ fẹ́rẹ́. Ó lọ jókòó sí ìkángun gbogbo wọn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti hun òdo roboto kan sí àyà agbádá rẹ̀, ó tó àwo ìjẹun.

"Ẹ fi Ládòkun jẹ ẹ́," ni ó wí. "Èmi ti mọ ibi tí agbára wà. Kí ó ṣáà máa rántí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá dìde."

Wọ́n fi Ládòkun joyè. Ṣùgbọ́n ìpàdé gùn, omi tí Ràsáàkì mu sì pọ̀. Ó rọra gbé ìdí sókè.

"Má dìde!" Ládòkun figbe ta. "Mò ń já sí ogójì!"

"Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Pa á mọ́ra!"

"Títí di ìgbà wo?"

Àwọn àgbà forí korí, wọ́n ránṣẹ́ pe Mujeebat kí ó wá jókòó de baba rẹ̀. Ọmọ náà dé, ó jókòó. Baba rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ, fìrì! Nígbà tí ó máa padà dé, ọmọ kò mira.

"Dìde fún mi."

"Bàbá, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dìde. Ẹ jókòó tì mí."

Ràsáàkì jókòó tì í. Ó wá di òdo méjì lẹ́yìn Ládòkun. Mujeebat na ọrùn wo ìlà náà, ó fi òdo kan sí i lẹ́yìn irinwó lé mẹ́wàá, ó sì kà á ketekete bí wọ́n ti ń kà á lábẹ́ igi:

"Ẹgbàajì lé ọgọ́rùn-ún!"

Ládòkun wú lórí àga. Ó tún fìlà dé. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ sì bà lé Àdìjátù, ìyàwó Ràsáàkì, tó gbé omi tútù wá fún àwọn àgbà. Ohùn rẹ̀ wá dùn bí oyin.

"Ìyá Mujeebat, àánú yín ni mo ń tọrọ o. Ìgbà wo lẹ tún ń bímọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ tẹ́tí, kí Ọlọ́run fi ire kún ilé yín títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kí àwọn ọmọ yín jókòó pẹ́ níbi tí ó wù wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má lè dá wọn dìde. Bí òdo bá sì fẹ́ bá wọn rìn, ẹ̀yìn wọn ni kí ó máa tò sí, kí ó má ṣíwájú wọn láéláé.