Ramona Ń Wá Onífèrè Tó Ń Jìyà

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú yàrá ẹgbẹ́ onífèrè ilé ìwé gíga ìlú Tolliver, ní Texas. Weldon Krenek dá jókòó, ó gbé fèrè ńlá kan lé itan, ó ń nu ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá ń nu imú ọmọ. Ramona Teague tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà wọlé tòun tìwé àti gègé.

Kí agogo ìparí tó lù lónìí, Ramona gbọ́dọ̀ fi eré tuntun lé olùkọ́ eré lọ́wọ́. Bí kò bá rí i kọ, eré Kérésìmesì àtijọ́ ni wọ́n máa tún gbé jáde, Ramona á sì tún di àgùntàn, iṣẹ́ tó ti ṣe lọ́dún méjì léra wọn. “Mẹ̀ẹ́” méjì péré sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ àgùntàn yẹn. Eré tó ń kọ dá lórí onífèrè kan tí gbogbo ilé ìwé kẹ́yìn sí. Ó ti rí irú wọn nínú fíìmù tó lé lógún: awò ojú nípọn, ṣòkòtò ò dé kókósẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bá a rìn. Ohun tó kù kò ju kó rí ọ̀kan lójúkojú, kó kọ ìyà rẹ̀ sílẹ̀.

“Weldon, fọkàn balẹ̀,” ni Ramona wí, ó rọra fa àga. “Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹ. Ta ló ń tì ẹ́ sínú àpótí irin?”

“Àpótí irin wo?”

“Èyí tá à ń kó ìwé sí.”

Weldon wo ara rẹ̀ láti àyà dé ẹsẹ̀. Ọmọ náà fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. “Èmi àti àpótí yẹn? Apá mi kan ò lè wọ̀ ọ́.”

Ramona kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ń tì í láti sọ ọ́. “Ó dáa. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fojú yín rí?”

“Fèrè ni wọ́n ń fọn.”

“Mi ò béèrè tiyín. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni mo ní.”

“Àwọn náà ni mò ń wí. Èmi gan-an ni nọ́ńbà méjìléláàádọ́rin. Tó bá di ìsinmi àárín eré, màá ṣí akoto tá à ń dé gbá bọ́ọ̀lù, màá gbé fèrè kọ́rùn, màá sì bọ́ sórí ìlà àwọn onífèrè lórí pápá tòun ti timutimu léjìká. Ọgọ́fà ọmọ ló wà nílé ìwé yìí, Ramona. Ta ló ráyè ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan?”

“Kí wá ni kóòṣì máa ń bá yín sọ nígbà ìsinmi?”

“Mi ò gbọ́ ọ rí, ọdún mẹ́ta rèé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dáa gan-an. Bóyá ohun tí a ò fi ń borí nìyẹn.” Weldon wò ó. “Ṣé o ò wá wo bọ́ọ̀lù rí ni?”

“Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wo fíìmù.”

Ó fa ìlà gbọọrọ sórí agbábọ́ọ̀lù òṣìkà tó ti kọ ojú ewé mẹ́rin lé lórí. Ó dùn ún, torí ibẹ̀ ló dùn jù nínú eré náà. Ó bá yà sí ọ̀nà mìíràn.

“Twyla Sosa ńkọ́, ẹni tá a dìbò yàn ṣe ọbabìnrin ilé ìwé? Kì í dá yín lóhùn, àbí?”

“Báwo ló ṣe máa dáhùn? Fèrè wà lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ládé, ṣe ló fọwọ́ kan di adé mú tó sáré padà sórí ìlà, torí orin ò tíì parí.”

“Ẹ̀yin olójú mẹ́rin tẹ́ ẹ̀ ń lo awò, ẹ mélòó lẹ wà níbí?”

“Ẹyọ kan. Òun ló ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù fún wa lórí pápá. Ohun kejì tí a ò fi ń borí nìyẹn.”

Ibi tí Ramona fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ lọ rárá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà rántí ọjọ́ kan péré tó sunkún nítorí fèrè. Weldon ronú títí, ó ní ó kù díẹ̀ kóun sunkún lọ́jọ́ tí kolache ìyá òun, àkàrà òyìnbó tí wọ́n há èso sí, tán kóun tó dé ìdí abọ́.

“Níbo lẹ ti jẹ ẹ́?”

“Níbí. Ibí la ti ń jẹun ọ̀sán.”

Ojú Ramona là. “Mo ti mú un. Ẹ ń sá pamọ́ síbí, torí kò sẹ́ni tó máa bá yín jẹun nílé oúnjẹ.”

“Àwa àádọ́rùn-ún? Àga gan-an ò tó wa. Àwọn tó ṣẹ́ kù ní mọ́tò, wọ́n ń jáde lọ jẹun. Ta ló wá kù nílé oúnjẹ?”

Ramona bẹ̀rẹ̀ sí í fìka kà wọ́n. “Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀,” ó ní. “Àti olùkọ́ tó ń ṣọ́ wa.”

“Ẹ̀yin mélòó ló ń ṣọ́?”

“Èmi.”

Weldon gbé fèrè sílẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ìwé náà, ó sì kà á sókè: ọmọ kan ń dá jẹun, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀, gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó dá wà nílé.

“Ramona, òótọ́ lo kọ síbí,” ó ní. “Fèrè tó o fi sí i lọ́wọ́ nìkan ni irọ́.”

Ramona gba ìwé rẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì fẹ́ kí Weldon rí ojú òun. Weldon dìde lọ sídìí pẹpẹ, ó gbé aro idẹ méjì wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí àwo ìjẹun.

“Ọmọ tó ń lu èyí ti kó lọ sí ìlú Abilene. Gbà.”

“Mi ò mọ orin.”

“Aro náà ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ti mi orí, gbá méjèèjì mọ́ra.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Nínú gbogbo orin? Àgùntàn gan-an ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n máa ṣe ní gbogbo àsìkò tó kù?”

“Wàá dúró sáàárín wa.”

Ramona ti ọwọ́ bọ inú okùn aro, ó dì í mú gírígírí. Ìgbà náà ló rántí àgùntàn.

“Eré mi ńkọ́, Weldon? Mo ṣì nílò ẹnì kan tí kò lẹ́nì kankan nílé ìwé yìí.”

Weldon gbé fèrè ńlá kọ́rùn, ó wo aago ara ògiri. “Tètè kọ ọ́ nígbà náà. Aago mẹ́rin la máa tò sórí ìlà. Tá a bá ti tò tán, kò ní sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí mọ́.”