Alápatà Tó Ń Dijú Pa Màlúù

Ẹjọ́ kan wọlé sí ààfin lóṣù tó kọjá. Ẹnu ló bí i, etí ló tọ́ ọ dàgbà.

Ẹni tó gbé ẹjọ́ náà wá ni alápatà kan tí wọ́n ń pè ní Géńdé. Bí ẹ bá rí ọkùnrin náà, ẹ ó mọ̀ pé orúkọ yẹn kò parọ́ mọ́ ọn. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, apá rẹ̀ sì ki bí òpó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ńṣe ló wọlé bí adìyẹ tí òjò pa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹran ti ń sùn lórí tábìlì rẹ̀, tó jẹ́ pé eṣinṣin nìkan ló ń ná an.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, aránbàtà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ṣúmékà. Ìyẹn rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àfi tó bá há ìṣó sí i nídìí iṣẹ́.

Kábíyèsí jókòó, àwọn ìjòyè jókòó yí i ká. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn tí kò ríbi jókòó rọ́ sójú fèrèsé.

"Géńdé," ni Kábíyèsí wí, "kí ni Ṣúmékà fi ṣe ọ́?"

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Mo sọ àṣírí kan fún un, ó sì tú u síta. Òwò mi ti bà jẹ́."

"Àṣírí wo?"

Géńdé wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Kábíyèsí, bó bá ṣe é sọ láàárín èrò, ṣé a ó tún máa pè é ní àṣírí?"

"Òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí etí ò gbọ́, ẹnu kì í dá a. Sọ ọ́."

"Níwájú gbogbo ayé?"

"Ara wa ni gbogbo wọn. Rọra sọ ọ́."

Òógùn bo Géńdé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àṣírí náà ni pé… tí mo bá ti mú ọ̀bẹ, tí mo fẹ́ pa màlúù…"

"Ó máa ń dijú!" Gbogbo gbọ̀ngàn ló fi ohùn kan parí ẹ̀ fún un. Àwọn tó wà lójú fèrèsé ni ohùn wọn tilẹ̀ lọ sókè jù.

Géńdé fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Ẹ rí i fúnra yín, Kábíyèsí? Ẹjọ́ tí mo bá wá gan-an nìyẹn!"

Ìjòyè àgbà kan tí etí rẹ̀ wúwo tẹ̀ síwájú. "Kí ni wọ́n wí?"

Ẹni tó jókòó tì í pariwo sí i létí: "Wọ́n ní ó máa ń dijú pa màlúù!"

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìyẹn ni? Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Òkú màlúù lèmi gbọ́ pé ó ń tà."

Géńdé fò dìde. "Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn, Kábíyèsí! Òkú màlúù! Èmi tí mo máa ń jí lọ ra màlúù tó ń tàpá!"

"Jókòó," ni Kábíyèsí wí. "Kí ló dé gan-an tó o fi ń dijú?"

"Kábíyèsí, màlúù a máa wo èèyàn. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì tutù. Tí mo bá ti mú ọ̀bẹ, ńṣe ló máa wò mí bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí tí mo bá fẹ́ ṣe ohun tí kò dáa. Màá dijú, màá ní kó má bínú, màá wá ṣe iṣẹ́ mi. Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ò mọ̀ títí tó fi kú. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ṣúmékà nìkan ni mo sọ fún, lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, má sọ fún ẹnikẹ́ni o.' Ó ní, 'Fọkàn balẹ̀. Òkúta ló já sómi yẹn.'"

"Ṣúmékà, o gbọ́. Ṣé o sọ ọ́?"

"Kábíyèsí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹnikẹ́ni rárá?"

"Rárá o. Ìyàwó mi nìkan ni."

Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó rẹ kì í ṣe èèyàn ni?"

"Kábíyèsí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ara kan ni tọkọtaya. Bí mo bá sọ̀rọ̀ fún ìyàwó mi, mo dá sọ̀rọ̀ ni. Ṣé ẹni tó dá sọ̀rọ̀ ló tú àṣírí? Àti pé mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́. Mo délé, ó wò mí, ó ní, 'Ojú rẹ jọ ojú ẹni tó mọ nǹkan.' Kí ni kí n ṣe? Kí n purọ́ fún ìyá àwọn ọmọ mi? Irọ́ ò dáa, Kábíyèsí."

"Ṣebí Géńdé ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ohun témi náà sọ fún ìyàwó mi nìyẹn, pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Géńdé ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ!"

Géńdé mí kanlẹ̀. Ó ti mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó mọ ẹjọ́ rò tó báyìí.

Wọ́n pe ìyàwó Ṣúmékà. Ó kúnlẹ̀, ó kí tọba tìjòyè.

"Ẹ̀yin bàbá wa, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọlọ́run mi rí i. Ṣùgbọ́n ó ń wú mi níkùn. Oúnjẹ ò lọ mọ́. Nígbà tí mo wá lọ dirí, onídìrí di orí mi mú, ó ní, 'Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín?' Ẹni tí orí ẹni wà lọ́wọ́ rẹ̀, Kábíyèsí, ṣé ó ṣe é bá jiyàn? Tó bá fà mí nírun ńkọ́?"

"Ṣé ó fà ọ́ nírun ni?"

"Kò tíì fà á. Ìka ọwọ́ ẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ó ń gbèrò ẹ̀."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Pé Géńdé máa ń dijú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń bà á lẹ́rù."

"Ta ló mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀?" ni Géńdé ké.

Obìnrin náà ò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ náà ò nídìí nígbà tó dé ọwọ́ mi, Kábíyèsí. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ parí. Èmi ni mo bá a wá ìdí sí i."

Kó tó dìde, onídìrí ti wọ agbo, ìyarun ṣì há sí i lórí. "Irọ́ ló ń pa! Mi ò bi í léèrè nǹkan kan. Kò tíì jókòó tán tó ti ní, 'Ṣé o ti gbọ́?' Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́!"

"O wá di etí rẹ?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú irun ẹ̀, Kábíyèsí. Kí ni mo fẹ́ fi di etí?"

Kábíyèsí mi orí. "Ta lo lọ sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo kàn béèrè ni. Mo bi télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì pé, 'Ṣé lóòótọ́ ni pé Géńdé máa ń dákú tó bá rí ẹ̀jẹ̀?' Ìbéèrè kì í ṣe òfófó."

"Dákú kẹ̀!" Géńdé tún ti wà lórí ìdúró.

"Bọ̀dá Géńdé, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù, ṣé kì í dákú ni? Àbí kó máa jó?"

Télọ̀ náà dé, téèpù tó fi ń wọn aṣọ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Òun ni kò bẹ̀rù rárá.

"Kábíyèsí, èmi kì í ṣe olófòófó. Onírònú ni mí. Mo jókòó, mo ní: bí alápatà bá ń dákú tó bá rí ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé kò lè pa màlúù. Bí kò bá lè pa màlúù, tí ẹran sì ń wà lórí tábìlì rẹ̀ láràárọ̀, a jẹ́ pé àwọn màlúù náà ló ń kú fúnra wọn. Mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni mo ṣe."

"O sì gbé ìṣirò náà fún ta?"

"Gbogbo oníbàárà mi ni. Mo ń bójú tó ìlera ará ìlú."

Kábíyèsí fi ọwọ́ nu ojú. Ó kọjú sí èrò. "Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó wá síbí lónìí, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ lójú fèrèsé.

"Ìwọ ò tíì gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Kábíyèsí. Mo kàn fẹ́ béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a pa wọ́n."

Géńdé bá yí sí Kábíyèsí. "Kábíyèsí, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin náà ò nawọ́. Ta ló sọ fún yín?"

Kábíyèsí húkọ́. Olorì tó jókòó lẹ́yìn fa ìborùn bo ojú. "Ìyẹn," ni Kábíyèsí wí, "kò sí nínú ẹjọ́."

Àwọn ìjòyè kó orí jọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n na Ṣúmékà. Òmíràn ní kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Ẹni tí etí rẹ̀ wúwo ní kí wọ́n dá màlúù náà padà fún ẹni tó ni ín. Kábíyèsí gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì dákẹ́.

"Ṣúmékà, gbèsè àṣírí lo jẹ, àṣírí náà lo sì máa fi san án. Níwájú gbogbo wa, nísinsìnyí, o máa sọ àṣírí tó tóbi jù tó o ní láyé sí Géńdé létí. Géńdé náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ fún ẹnì kan péré, ẹni tó bá wù ú."

Gbọ̀ngàn hó gèè. Ẹnì kan péré! Ta ni kò mọ ohun tí ẹnì kan péré lè ṣe?

Ṣúmékà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ kúkú nà mí! Ẹ jẹ́ kí n máa rán bàtà fún un títí ayé!"

"Dìde."

Ó dìde. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Géńdé. Onídìrí ti rìn súnmọ́ wọn, télọ̀ dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìjòyè tí kò gbọ́ràn sì ti fi ọwọ́ ká etí.

Ṣúmékà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ó sọ ọ́ sí Géńdé létí: "Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní àṣírí kankan. Gbogbo èyí tí mo ní ni mo ti sọ tán. Ẹnu yìí ò jẹ́ kí ọ̀kan kù. Ojú ń tì mí gan-an ni. Dákun, ṣe bí ẹni pé mo sọ nǹkan."

Géńdé wò ó. Inú ti ń bí i láti ilé. Ó ti pinnu pé òun ò ní bá ọkùnrin yìí ṣe mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, èèyàn tó rìn káàkiri láti ọdún yìí wá tí inú rẹ̀ sì ṣófo bí ṣọ́ọ̀bù tí olè kó, ẹ̀rín gbé e. Ó gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣe é ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, títí ó fi di òpó mú.

"Kí ló sọ?" "Kí ló wí?" Igbe gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Géńdé nu ojú. "Kábíyèsí, ó tóbi. Ó tóbi ju tèmi lọ fíìfíì. Ó ti san gbèsè rẹ̀."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, onídìrí ló kọ́kọ́ dé ìsọ̀ ẹran. Ó ra ẹran, kò lọ. "Bọ̀dá Géńdé, ẹ̀yin mọ̀ pé ẹnu mi dákẹ́." Géńdé bá a gé ẹran, ó kí i pé ó ṣeun. Télọ̀ ra ẹ̀dọ̀. "Ẹ má sọ fún mi o, ẹ gbọ́? Èmi ni màá máa rò ó. Ẹ kàn máa mi orí tí mo bá ti dé ibẹ̀." Géńdé ò mi orí. Télọ̀ tún ra ìfun. Kò ṣeé ṣe kí èèyàn dúró nídìí tábìlì ẹran pẹ́ kó má rà á, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló ń dúró pẹ́. Kó tó di ọ̀sán, ẹran ti tán. Ẹnikẹ́ni ò rántí òkú màlúù mọ́.

Ti Ṣúmékà náà yàtọ̀. Bàtà tí kò já ni wọ́n ń gbé wá fún un, kí wọ́n lè rí i wò dáadáa. Àwọn kan ní ó níyàwó mìíràn níbì kan. Àwọn kan ní kì í ṣe òun ló ń rán bàtà náà. Ìyàwó rẹ̀ wá ń tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ní tiẹ̀, tó ń ní, "Kí lo ní tí mi ò mọ̀?"

Nígbà tó ṣe, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pe Géńdé. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá.

"Géńdé, ó ṣì ku ẹnì kan péré tó o lè sọ fún."

"Ẹ ti dá a bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí."

Kábíyèsí fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Èmi kì í sọ̀rọ̀ síta o."

"Mo mọ̀, Kábíyèsí. Àmọ́ mo ti sọ fún ẹni náà."

"Ta ni?"

"Màlúù tí mo pa láàárọ̀ yìí."

Kábíyèsí tún fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Kí ni màlúù náà wá wí?"

"Kò wí nǹkan kan, Kábíyèsí."

"Máa lọ," ni Kábíyèsí wí. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Géńdé jáde ní ààfin, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù Ṣúmékà lọ tààrà, nítorí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣí. Ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó sí, ó bọ́ bàtà, ó nà án sí i. Ṣúmékà gbà á, ṣùgbọ́n ó gbé òòlù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń dán.

"Wọ́n ní Kábíyèsí pè ọ́. Kí ló pè ọ́ fún? Sọ fún mi, ọ̀rẹ́ mi. O mọ̀ pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Géńdé la ẹnu. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì tún pa ẹnu dé.

"Rán bàtà, jàre," ló wí.